Ọjọ́ Tí Olóyè Ṣí Ilẹ̀kùn Àárín

Ọkùnrin tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìnàkí, ìka méjì péré ló kù ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì yẹn di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀, àfi bí ẹni pé ó fẹ́ kí n mọ ohun tí kò sí níbẹ̀ lára. Abo ìnàkí kan tó ti ń fún lóúnjẹ láti kékeré ló gé ìka yòókù jẹ, nínú ọgbà ẹranko ńlá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní òun kò bínú sí ẹranko náà, pé òun lòun na ọwọ́ kọjá irin lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn.

"Ó mọ̀ mí dáadáa," ló wí. "Pé ó mọ̀ ẹ́ kò ní kó má gé ẹ jẹ."

Ọmọ Èsìẹ́ ni mí. Bàbá mi ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ, ó sì ń dáko iṣu. Ìyá mi ń yan gààrí. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo kọ́, adìẹ ni mo sì rò pé n óò máa sìn títí ayé mi. Ọdún tí àrùn pa gbogbo adìẹ mi ni mo gbọ́ pé Olóyè kan, ọmọ Òmù-Àrán tó ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ l'Ékòó, ti padà wálé, ó sì ń kọ́ ọgbà ẹranko sí ojú ọ̀nà Rore, kí àwọn tó bá wá wo ère òkúta lọ́dọ̀ wa ní Èsìẹ́ lè yà síbẹ̀ wo kìnnìún. Kìnnìún kò dé títí ọgbà náà fi tú ká. Ọ̀nì dé, ògòǹgò dé, àgbọ̀nrín àti ìjímèrè dé, ìnàkí méjì sì dé. Ìyá mi ní òun kò rán mi nílé-ìwé kí n lè wá máa kó ìgbẹ́ ọ̀bọ. Mo sọ fún un pé ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ, pé kò ní ìrù. Ó ní, ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Akọ kan àti abo kan ni ìnàkí wa. Inú àgbàlá olówó kan ni akọ náà ti dàgbà, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi ìnàkí ṣe fàájì láìsí ẹni tó bi wọ́n. Wọ́n ti fi ṣéènì sí i lọ́rùn láti kékeré, ibi tí ṣéènì náà ti jẹ ẹ́ lára kò sì hu irun mọ́. Kò mọ ìyá rẹ̀. Kò fojú kan ìnàkí mìíràn títí ó fi di géńdé. Nínú igbó, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni akọ ìnàkí ti ń kọ́ bí a ṣe ń tẹrí ba, bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀, bí a ṣe ń nawọ́ síra ẹni lẹ́yìn ìjà kí ọ̀rọ̀ lè tán. Tiwa kò rí ẹni kọ́ ọ. Agbára nìkan ló ní, agbára náà sì pọ̀ débi pé irin tó bá fi ọwọ́ kan tẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi, oníka méjì yẹn, ni yóò jọ fi òòlù nà án kó tó tọ́.

Abo ti dàgbà, ojú kan ló sì fi ń ríran. Ó ti bímọ rí nínú àwọn kéèjì tó ti gbé, kò sì sí èyí tó dúró. Wọ́n gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ tà. Ọ̀kan kú sí i láyà, ó sì ń gbé òkú rẹ̀ káàkiri títí tó fi gbẹ. Akọ kan tí wọ́n tì mọ́ ọn ló pa èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀gá mi ló sọ ìtàn wọ̀nyí fún mi, ó sì fi kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi akọ tí kò mọ ọmọ kan sọ́dọ̀ ọmọ náà, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ gbẹ́ sàréè sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn méjèèjì wọ ilé onírin kan náà, mo rí ohun tí ọ̀gá mi ní lọ́kàn. Akọ náà gbá abo mú ní ẹsẹ̀, ó wọ́ ọ yí ilé náà ká, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́ńkéré bí ẹni tẹ amọ̀. Omi tútù ni a fi tú wọn ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá mi ní kí wọ́n fi irin pín ilé náà sí méjì, kí wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn kan sí àárín, tí wọ́n ń fi irin gígùn fà láti ìta. Àti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn àárín ti wà ní títì.

Àràárọ̀ ni akọ náà ń jà pẹ̀lú ilé rẹ̀. Gbogbo irun ara rẹ̀ á dìde, á fẹ̀ di méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì, igbe rẹ̀ á máa ga sí i, lẹ́yìn náà á sáré lu páànù ẹ̀yìn ilé débi pé àwọn tó ń lọ oko lójú ọ̀nà á dúró. Àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abo ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi pé ìnàkí tó bá ṣí eyín sílẹ̀ báyẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n á ní àwọn gbọ́, wọ́n á sì tún ṣí eyín tiwọn náà sí i.

Nígbà ọyẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko igbó gbé ọmọ ìnàkí kan wá bá wa. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà Èkìtì ni wọ́n ti bá a, nínú àpò ìrẹsì, lábẹ́ ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́, wáyà náà sì ti wọ inú ẹran. Abo ni, kò tíì ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò lọ. Nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kan ohun tó le ní ẹ̀yìn rẹ̀, bí hóró àgbàdo lábẹ́ awọ. Ọta ìbọn ni. Dókítà ẹranko tó wá láti Ìlọrin yọ èyí tó lè yọ, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ẹni tí wọ́n mú nínú ọkọ̀ sọ pé òun rà á ni, òun kò pa nǹkankan. Àbúrò ìyá mi, ọdẹ àgbà ní ẹ̀yìn Èsìẹ́, wá wò ó lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé kò sí bí ènìyàn ṣe ń gba ọmọ ìnàkí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìpa ìyá. Àyà ìyá ló máa ń wà, kì í fi í sílẹ̀. Ọta tó bá sì pa ìyá náà ni yóò ba ọmọ. Àwọn yòókù kì í sì sá, wọ́n á padà wá gbèjà, wọ́n á wá kú níbẹ̀. Òun àti àwọn méjì kan ti ṣe é rí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, nínú igbó kan ní ìhà Èkìtì. Ọmọ kan ni wọ́n ń wá. Wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí igi náà, ọmọ ọ̀hún sì kú kí wọ́n tó jáde nínú igbó. Ó ní wọn kò lè gbé òkú wọn tán, ṣe ni wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ìkamùdù.

Mo ń rò ó títí di òní. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ni ìnàkí ń lóyún. Ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kò sì ní bí òmíràn títí tí ọ̀kan náà fi já lẹ́nu ọmú. Ó lè máà bímọ tó mẹ́fà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá pa ìyá kan, ìdílé ló pa, kò sì sí òjò tó lè yára hù ú padà. Ìdí nìyẹn tí igbó tí wọ́n kún rí fi dákẹ́ báyìí.

Ọmọ náà dì mọ́ ẹ̀wù mi, kò sọ̀kalẹ̀. Mo ń fi í sáyà se ọbẹ̀, mo ń fi í sáyà fọ kéèjì. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, ọ̀gá mi á gbà á fún mi, ọmọ náà á sì máa ké títí n óò fi jáde. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjàrà-Ìsin tó sì máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ní òun kò mọ̀ pé òun ní ìyàwó kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ìnàkí tó bá fi ènìyàn ṣe ìyá, bíi ti akọ ọlọ́rùn ṣéènì yẹn ló máa ń rí. A gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abo àgbà, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin sáàárín wọn, a sì ń retí.

Abo náà kọ ẹ̀yìn sí i lákọ̀ọ́kọ́. Bí ọmọ bá ké, á lọ sí igun ibi tó jìnnà jù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di pé mo bá a ní òwúrọ̀ kan tó jókòó ti nẹ́ẹ̀tì, ó ti ìka kan bọ ojú ihò, ọmọ sì ń fa ìka náà mu bí ọmú. Nígbà tí a wá jẹ́ kí wọ́n pàdé, ọmọ náà fi mí sílẹ̀, ó gun abo náà láyà, kò bojú wẹ̀yìn. Ó dùn mí díẹ̀. Ọ̀gá mi ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní gbogbo àkókò yìí, akọ wà ní apá kejì ilẹ̀kùn àárín, ó ń wò wọ́n.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni nǹkan bàjẹ́. Òmù-Àrán kún fún àwọn ará ilé tó ti Èkó dé. Olóyè kó àwọn àlejò rẹ̀ wá sí ọgbà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wọ agbádá funfun, ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti sọ fún wọn pé òun ní bàbá ìnàkí, ìyá ìnàkí àti ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú kéèjì, wọ́n bi í pé kí ló dé tí bàbá fi dá wà. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn àárín kí ẹbí lè pé.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Olóyè, ẹ dákun. Akọ yìí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Tó bá wọlé tọ̀ wọ́n, yóò pa á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di ìyá ìnàkí, ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti ń wo ara wọn, kí ló kù tí wọn kò tíì mọ̀ nípa ara wọn? Mo dìde, mo lọ dúró síwájú irin gígùn tí a fi ń fa ilẹ̀kùn. Àbúrò Olóyè, ẹni tó ń bójú tó ọgbà fún un bí kò bá sí nílé, ní kí n kúrò níbẹ̀ kí n má dójú ti ẹ̀gbọ́n òun. N kò kúrò. Ó gbá mi létí. Kì í ṣe àbàrá àfiṣeré, mo gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú orí mi, ẹnu mi sì kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó fà mí lápá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá mi wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀nì ní ìsàlẹ̀ ọgbà, kò gbọ́. Olóyè fúnra rẹ̀ ló fa irin náà.

Akọ kò sáré. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì tipẹ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láti èjìká. Abo àgbà fa ọmọ mọ́ra, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ṣí gbogbo eyín rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àlejò gbé fóònù sókè. Obìnrin kan ní ẹ wò ó bó ṣe ń kí ọkọ rẹ̀.

Nígbà náà ló dé bá wọn. Ó gbá abo mú ní orí, ó là á mọ́ ògiri, ó sì nawọ́ sí ọmọ. Abo kò jẹ́ kó rí i gbà. Arúgbó olójú kan yẹn ti eyín bọ ojú akọ, ó sì dì í mú níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú sí irun àwọn méjèèjì tí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Akọ rí ọmọ náà mú ní apá. Ó fà á já, ó fì í, ó là á mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àlejò ti ń sá. Mo ti dé ibi omi, mo ń tú u sí wọn, omi ọ̀hún kò lágbára, nítorí wọ́n ń bomi sí òdòdó nídìí ilé àlejò lásìkò kan náà.

Olóyè kò sá. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ń pariwo pé kó fi ọmọ sílẹ̀, ó sì ń ti ọ̀pá rẹ̀ bọ àárín irin, ó ń gún akọ náà ní ìhà. Akọ fi ọmọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ó gba ọ̀pá, ó sì fà á pẹ̀lú ọwọ́ tó dì í mú. Apá Olóyè wọlé títí dé èjìká, ojú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ irin. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ń fọ́. Ó dà bí ìgbà tí ajá bá ń jẹ eegun adìẹ, bí mo ṣe ń bi ara mi léèrè ohun tí mo ń gbọ́ ni Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àbúrò rẹ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pákó ló gbé, kò sì ti ilẹ̀kùn padà. Ó ń fi pákó náà lu akọ lẹ́yìn, ó lù ú títí pákó fi dá. Akọ tu ọwọ́ Olóyè sílẹ̀, ó yíjú padà. Ó gé ọkùnrin náà jẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní ìdí, ó gbé e sọ síta ẹnu ilẹ̀kùn bí ẹni sọ ẹrù, ó gun orí rẹ̀ kọjá, ó sì jáde.

Mo wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà wà nínú omi tí mo ti tú sílẹ̀, apá rẹ̀ òsì ti kán, ó ṣì ń mí. Abo àgbà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti lọ. Mo rò pé yóò bù mí jẹ, ìbá tọ́ sí i bó bá bù mí jẹ. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń gbé ọmọ náà. Mo fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ fún un títí ó fi tú u fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti gbé Olóyè àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Akọ wà lórí koríko, nídìí táńkì omi. Kò tíì tẹ koríko rí láyé rẹ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ abo àti tirẹ̀ bò ó lójú. Ọ̀gá mi ti dé, ó jókòó sílẹ̀ ní iwájú rẹ̀, kò sún mọ́ ọn jù, ó na ìbẹ́pẹ sí i pẹ̀lú ọwọ́ oníka méjì yẹn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń pe ọmọ tó bínú wá jẹun. Mo fi fóònù pe dókítà ẹranko fún ìbọn abẹ́rẹ́ oorun, ó ní òun ń bọ̀ láti Ìlọrin. Akọ gbé ìgbésẹ̀ kan wá. Ó tún gbé òmíràn. Bí kò bá sí àwọn ènìyàn, mo gbà pé ì bá wá.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé ìlú pé ìnàkí ti pa Olóyè. Àwọn ọ̀dọ́ dé pẹ̀lú àdá àti igi, wọ́n gun ògiri ọgbà, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ. Àbúrò ìyá mi wà nínú wọn, nítorí òun ló súnmọ́ jù tí wọ́n bá nílé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n jókòó. Ẹnì kan ju òkúta. Òkúta náà bà á ní orí, akọ fi igbe ta, ó fò mọ́ ògiri, ó sì já ọ̀kan nínú wọn bọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀. Àdá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lé e lórí láti gbogbo ọ̀nà, òun náà sì ń bù wọ́n jẹ, ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pe ìyá rẹ̀.

Mo wo àbúrò ìyá mi. Òun náà wò mí.

"Yí ojú ẹ kúrò," ló sọ fún mi.

N kò yí i. Ó dúró títí akọ náà fi gbé orí sókè, ó sì yìnbọn lù ú ní àyà. Ìbọn ṣakabùlà ni, èéfín bò wá. Nígbà tí èéfín lọ, akọ ti jókòó, ó ń fi ọwọ́ gbá ojú ibi tí ọta ti wọlé bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Wọ́n ní láti tún ìbọn kì. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wò wá, títí tí ìbọn kejì fi dún.

Àwọn kan fẹ́ pín in. Wọ́n fẹ́ ọwọ́, wọ́n fẹ́ orí, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àdá. Àbúrò ìyá mi dúró lórí òkú náà pẹ̀lú ìbọn tí kò ní nǹkankan nínú mọ́, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ ti òun àti onítọ̀hún nìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé ọ̀dọ́ tó ṣèṣe lọ, wọ́n sì túká.

Èmi àti ọ̀gá mi fi bárò gbé òkú náà padà sínú ilé rẹ̀. Abo àgbà gba ẹnu ilẹ̀kùn àárín kọjá, ó wá bá a. Mo rò pé yóò bọ́ sórí rẹ̀ ní ìjà. Ó jókòó tì í. Ó gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ó fà á lápá kó dìde, nígbà tí kò dìde ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yọ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì nínú irun rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin kúrò ní ojú tó fúnra rẹ̀ bù jẹ. Títí a fi wá gbé òkú lọ sin ní ọjọ́ kejì, kò jẹun. N kò lóye rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ju mi lọ ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún mi, n kò sì tíì lóye rẹ̀.

Mo lọ kí Olóyè ní ọsibítù. Wọ́n ti gé ọwọ́ náà kúrò ní ọrùn ọwọ́. Ó ní kí n jókòó, ó sì bi mí bóyá ọmọ náà kú. Mo ní kò kú, wọ́n ti to eegun rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri.

"Mo rò pé ara wọn dá," ló wí. "Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wá wò wọ́n, wọ́n ń jẹun."

Kò bẹ̀ mí nípa àbàrá tí àbúrò rẹ̀ gbá mi, n kò sì retí rẹ̀. Àbúrò náà kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí a bá pàdé ní Òmù-Àrán, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń rí kí n tó rí òun. Olóyè tú ọgbà náà ká ní ọdún yẹn. Ọ̀gá mi padà sí Òkè-Ọdẹ, ìlú rẹ̀, lọ gbin iṣu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé abo àgbà àti ọmọ náà lọ sí ibi kan ní ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n ti fi wáyà iná yí igbó gidi ká fún àwọn ìnàkí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn nínú ọkọ̀. Àwọn ìnàkí tó wà níbẹ̀ lu abo àgbà ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, mo sì fẹ́ sá wọ inú wáyà. Olùtọ́jú ibẹ̀ dì mí mú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èyí tó lù ú jù lọ ló wá na ọwọ́ sí i, abo náà sì fi ẹnu kan ọwọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí ìjà ìnàkí parí.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Èsìẹ́ báyìí, bí ìsinmi bá sì gùn, mo máa ń lọ wò wọ́n. Abo àgbà ti kú nígbà òjò èṣí. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, ọmọ náà ti ń balágà, ó ga, apá òsì rẹ̀ wọ́ díẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí igi. Mo dúró lẹ́yìn wáyà, mo ń pè é bí mo ṣe máa ń pè é nígbà tó wà láyà mi. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, irun rẹ̀ dìde, ó mú òkúta, ó sì sọ ọ́. Ó bà mí lókè ìpéǹpéjú. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn sí mi lójú, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ké sáré padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀, wọ́n sì ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń bá a ké mọ́ mi.

Olùtọ́jú náà tọrọ àforíjì títí tí a fi dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ti tán, yóò dùn mí. Mo ní kó máa rán ojú ọgbẹ́ náà, kó ṣáà yára, kí n lè padà débẹ̀ kí wọ́n tó fún àwọn ìnàkí lóúnjẹ ìrọ̀lẹ́.